Ọmọ Olaf ní Yábà: Ìrìn-àjò Orúkọ Kan

Ẹni tí ó bá wọ dánfó ní Oyíngbò ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, tí ó sì forí lé Yábà, yóò gbọ́ bí kọ́ńdọ́ ti ń pe Adékúnlé, Alágoméjì àti Sábó léraléra bí ẹni ń ki baba rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ títì tí ọkọ̀ ń sáré lórí rẹ̀ gan-an kì í sábà jáde lẹ́nu rẹ̀; ara pátákó ẹ̀bá ọ̀nà ni Herbert Macaulay jókòó sí, tí ó ń wo èrò. Ní ọjọ́ kan, ìyá àgbà kan tí a jọ jókòó bi mí léèrè pé irú orúkọ wo ni ènìyàn fi ń pe títì pé “Má-kọ́lé,” nígbà tí ilé kún ọ̀tún tí ó sì kún òsì. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé awọ̀nlẹ̀ ni ẹni tí ó ni orúkọ náà ní ayé rẹ̀. Nígbà tí mo délé, ìbéèrè ìyá náà kò jẹ́ kí n sùn: irú orúkọ wo ni, ta ni ó sì kọ́kọ́ jẹ́ ẹ?

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ayé àwọn baba wa, kò sí ohun tí ń jẹ́ orúkọ ìdílé bí a ti ń kọ ọ́ sínú ìwé lónìí. Ọmọ lè gbé orúkọ rẹ̀ ti ọ̀run wá, bíi Òjó, Àjàyí tàbí Òkè. A lè fún un ní àbísọ. Ìyá àgbà a sì fún un ní oríkì tí yóò máa fi pọ́n ọn lé. Bí àlejò bá dé tí a fẹ́ mọ ọmọ ẹni tí í ṣe, orílẹ̀ rẹ̀ ni a ó béèrè, yálà Erin ni o, yálà Ọ̀kín, Ọ̀pọ́ tàbí Ìkó, ẹni méjì tí orílẹ̀ wọn bá sì pa pọ̀, ìbáà ṣe pé odò méje ni ó wà láàrin ìlú wọn, a mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kan ni wọ́n.

Orúkọ Macaulay kò ti irú ilé bẹ́ẹ̀ jáde. Ní apá ìwọ̀-oòrùn àríwá Skọ́tlándì, níbi tí òkun òtútù ti ń bú ramúramù lu àpáta, erékùṣù kan wà tí à ń pè ní Lewis. Àwọn ará Nọ́wè, akin ojú omi, ti fi ọkọ̀ gígùn jagun dé ibẹ̀ láyé àtijọ́, wọ́n sì tẹ̀dó. Olaf sì jẹ́ orúkọ tí ó wọ́pọ̀ láàrin wọn. Àwọn tí ń sọ èdè Gaelic pe Olaf títí ó fi di Aulay, wọ́n wá fi “Mac” ṣíwájú rẹ̀, èyí tí í ṣe “ọmọ” ní èdè tiwọn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti í fi “ọmọ” ṣíwájú oríkì. Ọmọ Olaf: ohun tí a kọ sára pátákó Yábà nìyẹn.

Láti inú ìran yìí ni a ti bí Zachary Macaulay ní 1768. Kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ nígbà tí wọ́n rán an lọ sí Jàmáíkà, ó sì di alábòójútó ní oko ìrèké tí àwọn ẹrú ń ro. Ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀ kó ìríra òwò ẹrú bá a, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di ọ̀kan nínú àwọn tí kò sinmi títí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ka òwò ẹrú léèwọ̀ ní 1807. Láti 1794 dé 1799 ni ó ṣe gómìnà Fírítáùn ní Sàró. Ọdún tí ó gorí àga náà gan-an ni ọkọ̀ ogun àwọn Faransé wá kó ìlú náà. Lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ òwò tirẹ̀, Macaulay àti Babington, ń tajà níbẹ̀, nítorí náà orúkọ yìí kò ṣàjèjì sí ẹnu ará Fírítáùn. Clapham ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó gbé nígbà tí ó padà sílé, títì Macaulay sì ń bẹ níbẹ̀ títí di òní. Àkọ́bí rẹ̀ tí a bí ní 1800, Thomas Babington Macaulay, di òǹkọ̀tàn ńlá. Òun ni ó là á kalẹ̀ ní 1835 pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ àwọn ará Íńdíà ní ẹ̀kọ́ gíga.

Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Ní àkókò tí ogun ń jà kiri ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n kó Òjó Oriare, ọmọ Ìkìrun, wọ́n sì kó Kílàńgbé, ọmọ Ilé-Ogbó, wọ́n tà wọ́n. Sàró ni wọ́n bá ara wọn, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń sọ ẹrú tí wọ́n bá gbà lójú òkun kalẹ̀ sí. Akọ̀wé a jókòó ti ìwé ńlá kan, a pe àwọn ènìyàn náà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, a kọ orúkọ tí ó bá gbọ́, a fojú díwọ̀n ọjọ́ orí, a wọn gíga wọn, a sì kọ àmì ara wọn sílẹ̀. Ilà tí olóòlà fi ọ̀bẹ kọ ní ilé baba ẹni, ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ wá ń fi yíǹkì tò ó sínú ìwé! Nígbà tí Òjó àti Kílàńgbé bímọ ọkùnrin ní Kissy ní 1826, orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ọmọ Zachary ń jẹ́ ni ọmọ náà ń jẹ́: Thomas Babington Macaulay. Ẹ̀wù tí a rán fún ẹlòmíràn ni, ṣùgbọ́n ó bá a mu.

Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn, tí wọ́n kó ní 1821, ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe ìtẹ̀bọmi fún un ní December 11, 1825, wọ́n fi orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù pè é ní Samuel Crowther, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí Àjàyí sọnù. Àárín méjèèjì ni ó fi í sí. (Onígòjé ni Crowther túmọ̀ sí láyé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.) Ìdí nìyí tí yunifásítì tí ń bẹ ní Ọ̀yọ́ lónìí fi ń jẹ́ Àjàyí Crowther, tí ọmọdé tí kò mọ nǹkan kan nípa Òṣoògùn sì ń dárúkọ tí Àjàyí gbé ti ọ̀run wá.

Ọmọ Òjó fẹ́ Abigail, ọmọ Àjàyí, ní 1854. Ní June 6, 1859, ó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ Girama ti C.M.S. ní Èkó Àkéte pẹ̀lú ọmọkùnrin mẹ́fà péré, £50 tí Captain J. P. L. Davies fi sílẹ̀ ni wọ́n sì fi ra ìwé àti ohun èlò. Ní December ọdún yẹn kan náà ni Thomas Babington ti Lọ́ńdọ̀nù kú, tí orúkọ náà wá ku ẹyọ kan nínú àwọn méjèèjì.

Ní November 14, 1864, Abigail bí Ọláyínká Herbert. Bí a bá ń perí akọni, à fi idà lalẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ ní Plymouth, ó padà dé ní 1893, ó ń wọnlẹ̀ fún ìjọba, ó sì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1898. Láti ìgbà náà ni ó ti di egungun ẹja sí ìjọba lọ́fun. Ó bá Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920 nítorí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá, wọ́n sì dá ẹjọ́ náà fún Olúwa ní ọdún kejì. Ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú N.N.D.P. sílẹ̀ ní 1923. Ó jà fún Elékòó Èṣúgbàyí, ọba Èkó tí ìjọba yọ lóyè, títí ọba fi padà sí Ìgà. May 7, 1946 ni ó wọ káà ilẹ̀ lọ. Afárá Carter àti títì Moloney, orúkọ gómìnà ni wọ́n ń jẹ́, ìjọba ni ó sì fi sọ wọ́n. Ṣùgbọ́n Macaulay ti Yábà, orúkọ ẹni tí ó bá gómìnà jà ni. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti kúrò lọ́wọ́ Olaf tí ó di tiwa. Àwòrán ojú rẹ̀ wà lára owó náírà kan láti 1979, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe títì ńlá kan ní Àbújá pẹ̀lú.

Macaulay kò mọ ní ilé kan. Ọ̀pọ̀ ará Sàró ni ó gbà á, tí baba ọ̀kan sì lè jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá kí ti èkejì jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́. Bí ọmọkùnrin Macaulay bá fẹ́ ọmọbìnrin Macaulay, àgbà kò ní í sọ pé èèwọ̀ ni àfi bí orílẹ̀ wọn bá pa pọ̀. Bí Òjó bá sì ti dìde lónìí, tí ó dúró ní Sábó tí ó ń béèrè ọmọ rẹ̀, kò sí pátákó tí yóò dá a lóhùn.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìkìrun àti ní Ilé-Ogbó, pé nígbà tí ẹ bá tún ní títì tuntun tí ẹ fẹ́ sọ lórúkọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí Òjó àti Kílàńgbé.