Àwọn Mẹkáníìkì Eré Ìje ní Ẹ̀bá Peckham

Gbogbo wa ni a mọ Rye Lane ní Peckham fún iṣu, ata rodo àti àńkárá. Ṣùgbọ́n kí àwọn ènìyàn wa tó pọ̀ níbẹ̀, ariwo ẹ́ńjìnnì eré ìje kì í jìnnà sí àdúgbò náà. Ìtàn àwọn tí wọ́n ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ni a fẹ́ sọ, nítorí ẹni tí ó gun alùpùpù dé ipò kìíní ni ìwé ìròyìn máa ń dárúkọ, kì í ṣe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gírísì.

Ní ọdún 1934 ni Fred Mockford kó ẹgbẹ́ eléré alùpùpù rẹ̀ kúrò ní Crystal Palace wá sí pápá New Cross, nítòsí Old Kent Road. Láti Peckham, ẹsẹ̀ lásán tó o dé ibẹ̀. Pápá náà kéré púpọ̀, 262 yáàdì ni yíyípo rẹ̀, ni àwọn èrò ìwòran bá sọ ọ́ ní agbada, irú èyí tí a fi ń dín àkàrà. Alùpùpù tí wọ́n ń gùn níbẹ̀ kò ní bíréèkì, jíà kan ṣoṣo ni ó ní, ọtí methanol ni ó sì ń lò dípò epo bẹntiróòlù. Ẹ rò ó wò: níbi tí kò sí bíréèkì, ẹ̀mí ẹni tí ó gùn ún wà lọ́wọ́ ẹni tí ó di nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ibẹ̀ ni Jack Milne, ọmọ Amẹ́ríkà, ti ń ṣeré nígbà tí ó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní 1937. Ibẹ̀ náà ni Tom Farndon ṣubú sí ní 1935, tí ó sì kú.

Ẹ jẹ́ kí á wá gba gúúsù lọ sí Forest Hill, nǹkan bí máìlì méjì sí Peckham. Níbẹ̀ ni Jack Surtees ti ń ta alùpùpù. Òun fúnra rẹ̀ a máa sá eré ìje, pẹ̀lú alùpùpù tí a so ọkọ̀ kékeré mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. John ọmọ rẹ̀, tí a bí ní 1934, jẹ́ ọmọ ọdún 14 nígbà tí ó jókòó sínú ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ yẹn. Bàbá àti ọmọ ṣe ipò kìíní, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn aláṣẹ mọ iye ọdún ọmọ náà, wọ́n fagi lé e.

Nígbà tí John di ọmọ ọdún 16, ó lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Vincent tí ń ṣe alùpùpù ní Stevenage. Ní ilé wa, ọmọ tí ìwé kò wọ̀ lórí ni àwọn òbí máa ń fà lé ọ̀gá mẹkáníìkì lọ́wọ́. Ọmọ tí orí rẹ̀ pé, dókítà tàbí lọ́yà ni wọ́n ń wá fún un. Èmi kò rí ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí. Ṣebí iṣẹ́ mọ́tò ni W. A. Dawodu fi di ẹni ńlá ní Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún?

Lórí alùpùpù MV Agusta ti Ítálì, Surtees gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé méje láàrin 1956 àti 1960. Lẹ́yìn náà ni ó bọ́ sínú mọ́tò, tí ó sì dara pọ̀ mọ́ Ferrari ní 1963.

Ìdíje ọdún 1964 ni ó dùn mọ́ mi jù. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Mexico fún eré ìkẹyìn, ènìyàn mẹ́ta ni ó lè gba ife: Jim Clark, àgbẹ̀ láti Scotland, Graham Hill, tí ó wọ ilé iṣẹ́ Lotus gẹ́gẹ́ bí mẹkáníìkì kí wọ́n tó jẹ́ kí ó wakọ̀, àti Surtees. Bandini, tí òun àti Surtees jọ wà ní Ferrari, kọ lu ọkọ̀ Hill. Clark ni ó wà níwájú, àfi bí ọ́ìlì ṣe jò tán nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nígbà tí eré ń parí lọ. Bandini yà fún Surtees, ó ṣe ipò kejì. Hill kó máàkì 41 lápapọ̀, Surtees kó 40. Ṣùgbọ́n èsì mẹ́fà tí ó dára jù nìkan ni òfin ní kí wọ́n kà, ni 2 bá bọ́ lára ti Hill. Bí Surtees ṣe gba ife nìyẹn. Títí di òní, kò sí ẹlòmíràn tí ó gba ife àgbáyé lórí alùpùpù àti nínú mọ́tò irú èyí.

Ẹni tí ó mọ inú ẹ́ńjìnnì kì í gba ọ̀rọ̀ ọ̀gá gbọ́ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1966, òun àti Dragoni, alákòóso ẹgbẹ́ Ferrari, jà ní Le Mans, ó sì bínú kúrò. Ó lọ sí Honda. Mọ́tò wọn wúwo jù, nítorí náà òun àti ilé iṣẹ́ Lola bá wọn ṣe òmíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Eré àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ náà sá, ní Monza ní 1967, ipò kìíní ni ó ṣe.

Ní 1970 ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń kan mọ́tò fún eré Formula One títí di 1978. Ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò Surtees ni Mike Hailwood wà nígbà tí ó sáré jù gbogbo ènìyàn lọ ní Crystal Palace ní 1972, ó lé ní 103 máìlì ní wákàtí kan. Ọdún yẹn gan-an ni eré ìje ńlá dópin níbẹ̀. Ní 1975 ni wọ́n wó pápá New Cross. Surtees kú ní oṣù kẹta 2017.

Apá kan lára ọ̀nà eré ìje náà ṣì wà nínú ọgbà Crystal Palace. Ẹ lè lọ wò ó ní ọjọ́ Sátidé. Kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.