Oṣó Tí Ó Ní Ọfọ̀ Kan Ṣoṣo

Eré Dungeons & Dragons kì í lo pátákó bíi Lúdò, kò sì ní ọpọ́n bíi ti ayò. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni a fi ń ṣe é, pẹ̀lú dáìsì. Adarí eré á ṣàpèjúwe ihò abẹ́ ilẹ̀ àti àwọn abàmì ẹ̀dá inú rẹ̀. Àwọn yòókù á dá akọni kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì sọ ohun tí akọni wọn fẹ́ ṣe. Dáìsì ni yóò sọ bóyá ó yọrí. Oṣó jẹ́ ọ̀kan nínú irú akọni bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe oṣó tí à ń bẹ̀rù lóru nílé wa o. Ọ̀mọ̀wé ni èyí, inú ìwé ló ti ń kó ọfọ̀ sórí. Bí oṣó tó wà ní ìpele kìn-ín-ní ṣe lè wúlò fún ẹgbẹ́ rẹ̀ kó tó kú ni mo fẹ́ tọpa rẹ̀.

Agbára ni oṣó fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1971, Gary Gygax àti Jeff Perren tẹ Chainmail jáde, ìwé òfin eré ogun tí a ń fi ọmọ-ogun kéékèèké ṣe. Níbẹ̀, iná tí oṣó ń jù dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń ju òkúta lu odi, mànàmáná rẹ̀ sì dà bí àgbá. Ní 1974, Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde, eré sì kúrò ní ti ọmọ-ogun, ó di ti ẹni kọ̀ọ̀kan. Ta ni yóò wá fẹ́ máa ju idà bí ẹni tó jókòó tì í bá jẹ́ àgbá?

Wọ́n ní láti fún oṣó ní ìjánu. Inú The Dying Earth, ìwé ìtàn tí Jack Vance kọ ní 1950, ni wọ́n ti rí i: bí oṣó bá pe ọfọ̀ tán, ọfọ̀ náà á pa rẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí Players Handbook fi jáde ní 1978, ọfọ̀ kan péré ni oṣó ìpele kìn-ín-ní ní lójúmọ́. Dáìsì olójú mẹ́rin ló ń sọ bí ẹ̀mí rẹ̀ ṣe le tó. Kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀wù irin. Bí dáìsì bá mú 1, ọ̀kò kan ti tó láti sin ín.

Kódà kì í fi bẹ́ẹ̀ yan ọfọ̀ fúnra rẹ̀. Ìwé adarí eré ti 1979 ní kí wọ́n fi dáìsì mú èyí tó pọ̀ jù nínú ọfọ̀ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ bá gbè á rí Sleep, ọfọ̀ tó ń fi oorun kun ọ̀tá. Ọ̀pọ̀ ọ̀tá tí kò lágbára púpọ̀ lè ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí dáìsì tí wọ́n lè dà láti fi bọ́. Ìdí nìyẹn tí oṣó tó gbọ́n fi máa ń dúró sẹ́yìn àwọn ológun, pẹ̀lú ìgò òróró àtùpà lọ́wọ́, tí yóò pa ẹnu mọ́ títí ọ̀rọ̀ yóò fi di bóò lọ o yà mí. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ẹni tó dá a á kàn jókòó máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Iná ńlá ti Chainmail ń dúró dè é ní ìpele karùn-ún, bó bá lè débẹ̀.

Ìjókòó lásán yìí ni àwọn ìwé tó tẹ̀ lé e ń gbìyànjú láti wò sàn. Ti 1989 fún oṣó tó bá gbájú mọ́ ẹ̀ka idán kan ní ọfọ̀ kan kún un. Ti 2000 fi ọfọ̀ kéékèèké díẹ̀ kún un, ó sì jẹ́ kí làákàyè tó pọ̀ mú ọfọ̀ wá. Síbẹ̀ ọrun ni ọ̀pọ̀ oṣó fi ń parí ìjà. Ní 2008, wọ́n já ìjánu náà: àwọn ọfọ̀ kan kò tán mọ́.

Oṣó ti 2014 ló rọrùn jù láti kọ́ ẹni tuntun. Dáìsì rẹ̀ di olójú mẹ́fà. Ó ní ọfọ̀ kéékèèké mẹ́ta tí kì í tán, ọfọ̀ mẹ́fà tó fúnra rẹ̀ yàn sínú ìwé, àti agbára láti pe méjì nínú wọn kó tó sinmi. Ẹ fi làákàyè ṣáájú, kí ẹ mú Mage Armor tó ń dípò ẹ̀wù irin, kí ẹ mú Shield fún ìgbà tí ọfà bá ń bọ̀. Mo gbà pé ó dára kí gbogbo ẹni tó wà nídìí tábìlì rí nǹkan ṣe. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń wà kí oṣó àtijọ́ tó la ẹnu kò sí mọ́, èmi kò sì rí ohun tó rọ́pò rẹ̀.

Sleep náà kò ṣẹ́kù bó ṣe wà. Nínú ìwé òfin ti 2024, ọ̀tá ní ẹ̀tọ́ láti da dáìsì kó tó sùn.