Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ìtàn Ẹ̀rọ Ìṣáná Ìbọn Ṣakabùlà

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ilẹ̀ Yúróòpù mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí dájú ní nǹkan bí igba ọdún tí ìbọn olókùúta fi jọba lójú ogun. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣá iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ìbọn ni ẹ̀mí ẹni tó gbé e rọ̀ mọ́.

Marin le Bourgeoys, ará Lisieux ní ilẹ̀ Faransé, ni ọ̀pọ̀ òpìtàn ka irú ẹ̀rọ yìí sí lọ́wọ́, ní nǹkan bí ọdún 1610. Bí a bá fa ìbọn, òkúta ìṣáná yóò fò lu irin tó dúró níwájú rẹ̀, iná yóò ta sínú àwo ẹ̀tù kékeré, yóò sì gba ihò ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá lọ bá ẹ̀tù inú. Bí ẹ̀tù inú àwo bá jó tí iná kò wọlé, ìbọn kò ní dún, ọ̀tá sì ti rí èéfín.

Ibi tí ìwọ̀n ti di ọ̀rọ̀ nìyí. Brown Bess tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń gbé ní ojú tó fẹ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì. Ẹ̀rọ rẹ̀ gùn tó nǹkan bí íǹṣì 7. Ìbọn ọdẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn alágbẹ̀dẹ ọmọ ìran Jámánì ń ṣe ní Pennsylvania kò lè gba irú rẹ̀; bí íǹṣì 5 ló tó o. Ti ìbọn ìléwọ́ tún kéré sí i. Bí ẹ̀rọ bá tóbi jù, a ó gbẹ́ igi ìbọn títí ọrùn rẹ̀ yóò fi dín agbára, sípíríǹgì líle yóò sì mi ọwọ́ ẹni tó ń fojú sun nǹkan. Bí ó bá kéré jù, iná rẹ̀ kò ní tó. Àwo rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ihò ọ̀pá dọ́gba, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì bá ibi tí ìka ti ń fà á mu.

Darlaston àti Wednesbury, nítòsí Birmingham, ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí ti ń jáde. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fi ìbọn àwòṣe wọn èyí tí wọ́n fẹ́ fún àwọn ọmọ ogun; èyí tí kò bá bá a mu, wọn kò ní gbà á. Àwọn alágbẹ̀dẹ Amẹ́ríkà náà ń ra ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń yan èyí tó bá igi wọn mu.

Ọ̀tọ̀ ni ti ìbọn tí a ń kó wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Owó pọ́ọ́kú ni àwọn oníṣòwò fi ń pàṣẹ rẹ̀, a sì ń fi í pààrọ̀ ẹrú. Samuel Galton ti Birmingham wà lára àwọn tó ń ṣe ìbọn. Ní ọdún 1795 àwọn Quaker, ìjọ rẹ̀, pè é lẹ́jọ́ nítorí òwò náà. Òfin ọdún 1813 dá ilé ìdánwò sílẹ̀ ní ìlú náà, ṣùgbọ́n ọ̀pá ìbọn ni wọ́n ń dán wò níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ ìṣáná.

Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa gbé lọ sí ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nígbà ogun Kíríjì, láàárín 1877 sí 1893, Ẹkìtìparapọ̀ rí ìbọn tí a ń ki láti ẹ̀yìn gbà. Ṣakabùlà Ìbàdàn kò sì lè bá a dọ́gba. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa náà kò káwọ́ gbera: wọ́n kọ́ bí a ti ń tún ṣakabùlà ṣe, wọ́n sì kọ́ bí a ti ń rọ ọ́.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí kò farasin. Ẹni tó mọ ìwọ̀n ohun tó fẹ́ ni oníṣòwò ń bá ṣe é lójú rere. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, èyí tó kù lórí àtẹ ni yóò gbà, ojú ogun ni yóò sì ti mọ iye tó rà á.