Òjìji Tí Wọ́n Gbà Láwìn

Bí alájọ ṣe ń ka káàdì lópin oṣù ni èmi náà ṣe máa ń ka ìwé tí mò ń kọ. Ìtàn iwin ni, ó ti wọ ọdún kejì lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ tí mo sì fi ń jẹun ni léèsì tí mò ń tà ní ọjà Gbági, n'Íbàdàn. Bí wọ́n bá bi mí pé irú ìwé wo ni, mo máa ń ní "bíi ti Fágúnwà" kí ọ̀rọ̀ náà lè tán kíá, torí oníbàárà kì í dúró de àlàyé.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ tò padà níbí ni Ọjọ́bọ̀ kan tó bọ́ sí ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá. Mi ò gbára lé ìrántí mi. Ìrántí ẹni tó ń kọ ìtàn iwin kò ṣeé búra lé. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni mo pè: fóònù mi, tó ń lẹ aago mọ́ gbogbo ohun tó bá gba inú rẹ̀ kọjá, ìwé rìsíìtì ìsọ̀ mi, àti ìwé pélébé kan tó máa ń bá kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ gbé inú báàgì.

Aago 4:35 ìdájí

Iná dé. Fáànù tó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í yí ló jí mi. Mo yọ́ dìde kí n má bàa jí baálé mi, mo tan kọ̀ǹpútà nílé ìdáná, mo wo iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé. Lọ́jọ́ kìíní oṣù, 41,260 ni. Àdéhùn tí mo bá ara mi ṣe ni pé n ó máa kọ 10,000 lóṣù. Ohun tí mo bá lójú rẹ̀ ní ìdájí yẹn ni 43,910.

Mo lè ṣàlàyé. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ibà mú ọmọ mi ọkùnrin, odindi òru mẹ́ta la fi ń fi aṣọ tútù nu ara rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọjà tuntun dé, kí a tó tú u, kí a tó ya àwọ̀ sọ́tọ̀, oorun nìkan ló kù nínú mi. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìyàwó àbúrò ọkọ mi bímọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta nìkan ni mo kọ̀wé, mo sì kọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé: ìyókù orí keje, níbi tí ọkùnrin arẹwà kan ti wọ ọjà alẹ́ láìní òjìji. Ó yá òjìji Àṣàkẹ́ ọmọ aláṣọ lò láti fi lọ síbi ìgbéyàwó. Lójú ọ̀nà nígbà tó ń padà sílé, ó ń dá gbogbo ohun tó yá padà fún àwọn olówó wọn, títí tó fi ku atẹ́gùn lásán nínú agbádá. Inú mi dùn sí i débi pé mo fi í ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ eré orí ìtàgé ní yunifásítì.

Aago 6:10

Omi, búrẹ́dì, bàtà ẹsẹ̀ kan tó sọ nù. Kò sí ohun tí ẹ kò mọ̀ níbẹ̀.

Aago 7:22

Inú Micra tó ń lọ sí Ìwó Road ni mo wà, àwa mẹ́rin lẹ́yìn, ìgbọ̀nwọ́ ẹlòmíì nínú ìhà mi, nígbà tí ohùn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wọlé sórí fóònù. Ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ ni. "Ẹ káàárọ̀ mà. Mo ti kà á tán, Àǹtí, ó dùn gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú o... Tutuola ti kọ ọ́."

Òótọ́ ló sọ. Nínú The Palm-Wine Drinkard, tí Faber and Faber tẹ̀ jáde ní London lọ́dún 1952, arẹwà ọkùnrin kan wà lọ́jà tí obìnrin kan tẹ̀ lé. Bí wọ́n ṣe wọ igbó ni arẹwà náà ń dá ẹsẹ̀ padà fún ẹlẹ́sẹ̀, ó ń dá apá padà fún alápá, ó ń san owó ìyálò fún oníkálùkù, títí tó fi ku agbárí nìkan. Mo ti ka ìwé náà nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò tilẹ̀ nílò láti kà á kó tó mọ̀. Kọ́lá Ògúnmọ́lá ti sọ ọ́ di eré orí ìtàgé lọ́dún 1963, Ọ̀mùtí, ó sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni àwáwí: àlọ́ ni, ìyá àgbà pa á fún Tutuola, ìyá àgbà tèmi náà pa á fún mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n òǹkàwé tó bá ti mọ ibi tí arẹwà yẹn ń lọ yóò ti dé ibẹ̀ kí n tó dé, yóò sì jókòó máa dúró dè mí. Mo tẹ̀ ẹ́ sí ọmọ náà pé "O ṣeun, ọkọ mi." Mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ di ọjọ́ kejì.

Ó dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Tutuola ni mo fi ń tu ara mi nínú lópin oṣù tí kò bá dára. Ìránṣẹ́ ni ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ l'Ékòó nígbà tó ń kọ̀wé. Nígbà tí kò bá sí ẹni tó rán an níṣẹ́, yóò fa bébà yọ. Fágúnwà náà, tíṣà ni nígbà tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Bí ìránṣẹ́ bá rí i ṣe, tí tíṣà rí i ṣe, kí ló fẹ́ dí ìyá aláṣọ lọ́wọ́? Lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó ń tù mí nínú gan-an ló gba orí keje lọ́wọ́ mi.

Aago 9:05

Mo ṣí ìsọ̀. Ìyá Ìbejì tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi kí mi pé ẹ kú ọjà, mo ní ajé á wọ igbá. Rìsíìtì àkọ́kọ́ jẹ́rìí sí 10:15: léèsì aláwọ̀ ewé, yáàdì márùn-ún. Mo bu owó kúrò lórí rẹ̀ torí ẹni tó rà á ló kọ́kọ́ yà.

Aago 11:40

Atẹ̀wétà kan ti ní kí n mú orí mẹ́ta àkọ́kọ́ wá ní títẹ̀, kí oṣù tó parí. Kò fẹ́ kí n fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì; bébà ló fẹ́ dì mú. Mo fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ tó ń bá mi tajà, mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tẹ ìwé.

Ojú ìwé àkọ́kọ́ jáde, ó kún fún àpótí. Gbogbo ibi tí ẹ̀ àti ọ̀ bá wà, àpótí kékeré òfìfo ni. Ọmọkùnrin tó jókòó ti ẹ̀rọ kò rí i bí wàhálà: ó yí irú lẹ́tà padà lẹ́ẹ̀kan, àpótí lọ, gbogbo àmì ohùn bá wọn lọ, àti àmì ìsàlẹ̀. Mo ní gbólóhùn kan tí mo fẹ́ràn, tó parí orí kejì: Lójijì ni òjìji rẹ̀ lọ. Ohun tó wà níwájú mi ni "Lojiji ni ojiji re lo".

Ọmọ náà fi ìka tọ́ ọ. "Mọ́mì, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì níbí. Ṣé kí n pa ọ̀kan rẹ́?"

Kò ṣe mí bí ẹ̀rín nígbà náà. Odindi ìwé tó dá lórí òjìji, ẹ̀rọ kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín òjìji àti òjijì! Ìgbà tí mo ti sọ ọ́ di PDF lórí fóònù tèmi ló tó jáde bó ṣe yẹ, aago méjìlá ààbọ̀ sì ti kọjá. Mo sanwó ìtẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo di ojú ìwé 46 náà sínú àpò, mo fi rán ọmọ ìsọ̀ mi sí atẹ̀wétà náà.

Bí mo ti dúró síbẹ̀, tí ojú ọ̀nà kún fún èèyàn, mo ṣí ìwé náà lórí fóònù, mo fi ìka fa orí keje láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo gé e kúrò. 43,910 di 39,710. Ìtàn mi ti lọ sẹ́yìn ju ibi tó wà lọ́jọ́ kìíní oṣù lọ.

Aago 2:20 ọ̀sán

Oníbàárà kan wà tí mo ti ń tà fún láti bí ọdún mẹ́ta. Lóṣù Kẹjọ, ó kó aṣọ ẹbí èèyàn mẹ́fà lọ́dọ̀ mi, léèsì àwọ̀ ọsàn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ bí ìkarahun ìgbín sí lára. Ó san ìdajì. Ó ku ₦84,000. Láti ìgbà náà, bí mo bá pè é, ó wà nínú ìpàdé; bí mi ò bá pè é, kò sí.

Mo gbé ojú sókè, mo rí léèsì mi tó ń rìn lọ. Mo kọ́kọ́ dá aṣọ mọ̀ kí n tó dá èèyàn mọ̀. Ó dúró síbi tí oòrùn ti ń wọlé láàárín ìsọ̀ méjì, ó ń ná gèlè lọ́wọ́ ẹlòmíì, ó sì sanwó lọ́wọ́, owó tuntun, ó ń kà á fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Òjìji rẹ̀ kúrú lábẹ́ rẹ̀. Etí aṣọ náà gẹ́gẹ́ lórí ilẹ̀ bó ṣe gẹ́gẹ́ lára rẹ̀, mo lè ka ìkarahun náà níkọ̀ọ̀kan.

"Ṣé o ò ní lọ bá a ni?" Ìyá Ìbejì ló ń pariwo. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó máa lọ, mà." Ó pòṣé gígùn kan tí mo ṣì ń gbọ́ títí di báyìí.

Ohun tó mú mi mọ́lẹ̀ lórí àga ni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun kan nínú Tutuola. Olóòótọ́ èèyàn ni arẹwà yẹn! Ohun gbogbo tó yá ló dá padà, ó sanwó, kò jẹ ẹnikẹ́ni. Láti ọdún tí mo ti wà nínú ọjà, mi ò tíì pàdé irú rẹ̀. Ẹni tó yá nǹkan la máa ń tẹ̀ lé wọ igbó nínú àlọ́ náà. Kò sí ẹni tó yà sílé ẹni tó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ yáni, tó fẹsẹ̀ kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń ka ọjọ́. Bí arẹwà náà kò bá padà wá ńkọ́?

Aago 2:45

Ìwé pélébé mi kún. Mo fa ìwé rìsíìtì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ sí i, láti nọ́ńbà 0421 lọ. Mo gbàgbé kábọ́ọ̀nù tó wà lábẹ́. Gbogbo ohun tí mo kọ ló jáde ní méjì: dúdú lókè, búlúù nísàlẹ̀. Àṣàkẹ́ jí lọ́jọ́ kẹjọ, arẹwà kò tíì dé, oòrùn yọ, kò sí nǹkan kan lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oníbàárà kan wọlé wá béèrè owó fóìlì funfun, mo dáhùn láìwo ojú rẹ̀, ó jáde. Kò yẹ kí n sọ èyí fún baálé mi.

Ọmọ ìsọ̀ mi padà dé ní 5:30. Wọ́n ti tilẹ̀kùn kó tó débẹ̀. Àpò náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, orí mẹ́ta náà nínú rẹ̀, etí wọn ti ká.

Aago 6:08 ìrọ̀lẹ́

Bàbá mi pè láti Iléṣà, bó ṣe máa ń pè ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ó bi mí pé, "Ìwé ńkọ́?" Mo ní ó wà níbẹ̀, sà. Mo wá bi í léèrè bàbá tirẹ̀, tó jẹ́ òṣómàáló, ọ̀kan lára àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń ru aṣọ kiri abúlé, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n sì ń padà lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n títí owó yóò fi jáde. Mo ní ṣé wọ́n ń lóṣòó lóòótọ́ àbí orúkọ lásán ni.

"Wọ́n ń lóṣòó o! Bí o bá jókòó, wọn á gbé oúnjẹ wá. Bí o bá jẹ ẹ́, o ti di àlejò, àlejò wo ló ń sin onílé lówó? Ẹni tó lóṣòó kò tíì wọlé, kò sì tíì lọ." Ó wúkọ́ díẹ̀. "Orúnkún ló pa bàbá mi lára jù láyé."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún un sọ. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì 0426.

Aago 10:20 alẹ́

Iṣẹ́ àṣetiléwá ti parí, a ti fọ abọ́, baálé mi ti sùn níwájú tẹlifíṣọ̀n. Iná ti lọ. Bátìrì kọ̀ǹpútà ku ìdá mẹ́rin. Mo to àwọn rìsíìtì náà sórí tábìlì, mo tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àmì lórí, àmì nísàlẹ̀. Orí keje tuntun: Àṣàkẹ́ rìn dé ìlú àwọn iwin, ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà arẹwà. Wọ́n gbé iyán wá, kò jẹ. Wọ́n tẹ́ ẹní, kò jókòó. Ọ̀sán gangan, àwọn ọmọ iwin ń jáde wá wo obìnrin tí kò ní òjìji tó wá sin òjìji rẹ̀. Mi ò mọ ohun tí arẹwà yóò sọ bó bá ṣílẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ 612 ni gbogbo rẹ̀. 40,322. Mo kọ ọ́ sínú ìwé oṣù: kíkọ, ẹ̀dín 938.

Aago 11:51

Fóònù tan. Oníbàárà mi ni, aláwọ̀ ọsàn. Ó jọ pé ẹnìkan ti sọ fún un pé mo rí i.

"Ẹ kú alẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ẹ fún mi di òpin oṣù."

Mo wo aago. Oṣù ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.