Ètò Adójútòfò Ìlera àti Iṣẹ́ Dókítà ní Kwara

Ẹ̀rìn-Ilé, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yún, àti Ọ̀ffà pààlà. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá ní Ẹ̀rìn-Ilé lè gba ilé ìwòsàn ìtòsí lọ, ó sì lè kọjá sí Ọ̀ffà. Láyé àtijọ́, owó tó wà lápò aláìsàn ló ń pinnu èyí. Ètò adójútòfò ìlera ti wá sọ yíyàn náà di ohun tí àwọn dókítà ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ọdún 1999 ni òfin dá ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀, NHIS, sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2005 ni Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣí i. Ẹni tó bá wọ ètò náà yóò yan ilé ìwòsàn kan. Iléeṣẹ́ alágbàtà tí wọ́n ń pè ní HMO yóò máa san iye kan fún ilé ìwòsàn náà lóṣooṣù lórí orúkọ rẹ̀, ìbáà ṣàìsàn, ìbáà má ṣàìsàn. Aláìsàn fúnra rẹ̀ yóò san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn.

Iye orúkọ tó wà lọ́wọ́ dókítà ló wá ń pinnu owó tó ń wọlé fún un. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ₦750 ni owó orúkọ kan lóṣù, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ₦1,450 ní 2025. Lórí ₦750, ilé ìwòsàn tó ní ẹgbẹ̀rún orúkọ yóò gba ₦750,000 lóṣù. Èyí tó ní ogún orúkọ yóò gba ₦15,000 péré, bẹ́ẹ̀ owó oṣù nọ́ọ̀sì kan kò sí níbẹ̀. Ewu mìíràn ni pé owó tí dókítà kò bá ná lórí aláìsàn ni èrè tirẹ̀.

Kwara ti dán ọ̀nà mìíràn wò. Ní 2007, ìjọba ìpínlẹ̀, iléeṣẹ́ Hygeia, àjọ PharmAccess àti Health Insurance Fund ti orílẹ̀-èdè Netherlands bẹ̀rẹ̀ ètò kan fún àwọn ará oko ní Shonga. Ó dé àárín gbùngbùn Kwara ní 2009. Wọ́n ń ṣàyẹ̀wò ilé ìwòsàn ìjọba àti ti aládàáni, wọ́n sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti tún iṣẹ́ wọn ṣe. Ìwádìí tí ìwé ìṣègùn JAMA Internal Medicine gbé jáde ní 2014 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn tó wà níbi tí ètò náà dé rọlẹ̀ ju ti àwọn tí kò dé ọ̀dọ̀ wọn lọ. Àmọ́ ètò náà dáwọ́ dúró ní 2016. Lẹ́yìn náà ni ìpínlẹ̀ dá àjọ adójútòfò tirẹ̀ sílẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó fi NHIA rọ́pò NHIS, tó sì sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Bí òfin yìí bá ṣe ń múlẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìdíje orúkọ yóò ṣe máa le sí i, pàápàá fún àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké.

Ohun ìjà kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ aláìsàn ni pé ìlànà ètò náà gbà á láàyè láti pààrọ̀ ilé ìwòsàn tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Dókítà tó bá mọ̀ pé orúkọ lè kúrò lọ́wọ́ òun kò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹni tó ni ín.