Orin Òṣùmàrè Tí Wọ́n Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gé Dànù

Ní ọdún 1939 ni ilé-iṣẹ́ MGM ní Hollywood gbé fíìmù The Wizard of Oz jáde. Orin tí ó lókìkí jù lọ nínú rẹ̀ ni "Over the Rainbow", tí Judy Garland kọ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó ku díẹ̀ kí aráyé má gbọ́ ọ rárá. Nígbà tí wọ́n fi fíìmù náà han àwọn òǹwòran láti dán an wò, àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní ó ti gùn jù, pé orin yìí ń fa ìtàn sẹ́yìn. Wọ́n yọ ọ́ kúrò. Arthur Freed, tí ó ń ran Mervyn LeRoy lọ́wọ́ láti ṣe fíìmù náà, wà lára àwọn tí ó jà fitafita kí wọ́n tó dá a padà.

Harold Arlen ló ṣe ohùn orin náà, Yip Harburg ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ohùn ti fò láti dò ìsàlẹ̀ sí dò òkè, bí ẹni tí ó nawọ́ sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Harburg fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ kọminú. Lójú tirẹ̀, ohùn náà ti wúwo jù fún ọmọdébìnrin oko.

Ṣùgbọ́n níbi ọ̀rọ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà. Kò sí òṣùmàrè kankan tí ó gbé ọmọ náà nínú ìwé L. Frank Baum, tí ó jáde ní ọdún 1900, tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà. Ohun tí Baum tẹnu mọ́ ni pé gbogbo Kansas rí bí eérú: ilẹ̀, koríko, ilé, títí kan ojú àwọn àgbà. Harburg wá rò ó pé ohun aláwọ̀ mèremère kan ṣoṣo tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè rí ni òṣùmàrè. (Yorùbá tí ó mọ Òṣùmàrè ní òrìṣà lè fura sí àdììtú kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ lásán ni Harburg ń wá.) Nínú fíìmù, Kansas kò ní àwọ̀, ó di ìlú Oz kí àwọ̀ tó yọ. Orin yìí ló kọ́kọ́ mú òǹwòran retí àwọ̀ náà. Àwọn tí ó ní ó ń fa ìtàn sẹ́yìn kò rí i pé òun gan-an ló ń ti ìtàn síwájú.

Harburg mọ ohun tí àìní jẹ́. Inú òṣì ni wọ́n ti bí i ní New York, sí ìdílé Júù tí ó ṣí wá láti Rọ́ṣíà. Òwò rẹ̀ dojú dé nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà wó ní ọdún 1929, ó sì di akọrin-sílẹ̀. Ní 1932 ó kọ ọ̀rọ̀ "Brother, Can You Spare a Dime?", orin òṣìṣẹ́ tí ó di alágbe.

"Over the Rainbow" gba ẹ̀bùn Oscar ní 1940. Lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́wàá, nígbà tí ìbẹ̀rù kọ́múníìsì gba Amẹ́ríkà kan, Hollywood ti ilẹ̀kùn mọ́ Harburg nítorí èrò rẹ̀ lórí ìṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ náà. Orí ìtàgé Broadway ló ti ń jẹun. Ní 1956, tẹlifíṣọ̀n CBS fi The Wizard of Oz hàn fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ẹni tí kò rí iṣẹ́ fíìmù ṣe sì wọ yàrá àwọn ènìyàn káàkiri Amẹ́ríkà. Ọdún 1962 ni òun àti Arlen tó tún kọ orin fún fíìmù kan, Gay Purr-ee. Judy Garland náà ló sì kọrin nínú rẹ̀.