Marc Davis: Láti Ìdí Kátúùnù Dé Ọgbà Ìgbádùn

Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ nípa Marc Davis ni pé ó gbé kátúùnù kúrò lójú aṣọ sinimá, ó sọ ọ́ di ohun tí ènìyàn ń wọ ọkọ̀ lọ wò. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, àmọ́ iṣẹ́ ọkùnrin náà kò tì í lẹ́yìn. California ni wọ́n ti bí i ní 1913. Ó wọ ilé iṣẹ́ Walt Disney ní 1935, òun ló sì ya Tinker Bell, Maleficent àti Cruella De Vil. Lẹ́yìn fíìmù One Hundred and One Dalmatians ti 1961, ó bọ́ sí WED, ẹ̀ka tó ń ṣe ohun ìgbádùn fún ọgbà Disneyland. Níbẹ̀, òǹwòran kì í jókòó sójú kan: ọkọ̀ ń gbé e lọ, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló sì ní fún ère kọ̀ọ̀kan. Lójú tèmi, ohun tí Davis jù sílẹ̀ nínú iṣẹ́ fíìmù ló gbé e ga.

Walt ní kó lọ wo ọkọ̀ ojú irin tó ń la Nature's Wonderland kọjá ní Disneyland, kó wá sọ àléébù rẹ̀. Ó bá ère kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan tó ń mi orí sókè sódò. Òmíràn wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń mi tirẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Davis ní kí wọ́n kó méjèèjì sójú kan, kí wọ́n kọjú síra wọn. Ẹ̀rọ kan náà ni, síbẹ̀ ọ̀kan ti ń ní bẹ́ẹ̀ ni, èkejì ń ní rárá. Ọgbọ́n yìí náà ló lò fún Pirates of the Caribbean, tó ṣí ní 1967: àwọn ẹlẹ́wọ̀n na egungun sí ajá tó gbé kọ́kọ́rọ́ sẹ́nu. Ẹni tó ń kọjá lọ kò nílò àlàyé. Davis gan-an gbà pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ibi ìtàn àtìbẹ̀rẹ̀-dópin.

Ẹnìkan lè ní iṣẹ́ ọlọ́pọ̀ ọwọ́ ni. Òtítọ́ ni: Blaine Gibson ló gbẹ́ àwọn ère, X Atencio ló kọ ọ̀rọ̀, Alice ìyàwó Davis ló ṣètò aṣọ wọn. Àmọ́ ẹ wo Haunted Mansion, ilé iwin Disneyland ti 1969. Claude Coats tí wọ́n jọ ṣe é fẹ́ ẹ̀rù, Davis fẹ́ ẹ̀rín. Ẹ̀rù ló ṣáájú, ẹ̀rín ló kẹ́yìn ní itẹ́ òkú, ojú ibi tí wọ́n ti so méjèèjì pọ̀ sì hàn kedere. A mọ ibi tí ọwọ́ Davis ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀sùn tó wúwo jù tí a lè fi kan Davis wà ní Jungle Cruise, ìrìn àjò ọkọ̀ ojú omi ní Disneyland. Àgbáǹréré lé àwọn arìnrìn-àjò gun igi: òyìnbó wà lókè téńté, àwọn aláàárù aláwọ̀ dúdú wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mi ò rí àwáwí fún un. Àwòrán tó gbọ́dọ̀ yéni ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ máa ń gbára lé ohun tí òǹwòran ti gbàgbọ́ tẹ́lẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ìgbà náà sì gbàgbọ́ nípa Áfíríkà nìyẹn. Ọgbọ́n kan náà tó sọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ di aláríyànjiyàn ló sọ aláàárù di ẹni yẹ̀yẹ́. Ní 2018 wọ́n yí ibi tí àwọn ajalèlókun ti ń ta obìnrin ní gbàǹjo nínú Pirates of the Caribbean padà. Ní 2021 ó kan àwọn tó wà lórí igi Jungle Cruise. Wọ́n kó wọn kúrò, wọ́n fi àwọn mìíràn rọ́pò. Igi ṣì wà, àgbáǹréré ṣì ń na ìwo sókè, èrò ọkọ̀ sì ṣì ń rẹ́rìn-ín.